Kí ọmọ yín tó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ki ọta ní Amẹ́ríkà, kó kọ́kọ́ wo ìwé ìgbélùú ẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìbọn àti àwọn ará Amẹ́ríkà, ìyẹn ti kúrò ní kékeré. Ohun tí ọlọ́pàá máa torí ẹ̀ gbé èèyàn jù sínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá, orí káńtà ni wọ́n ń tò ó sí lọ́hùn-ún bí ẹni to mílíìkì. Kì í ṣe ìbọn nìkan o. Ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń ki ọta fúnra ẹ̀ nínú ilé, tó máa dè é mọ́ tábìlì nínú gáréèjì, tó máa máa fa apá ẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń fa ẹ̀rọ omi, ìyẹn náà wà lọ́jà fẹ́ni tó bá lówó ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀. Wọn kì í ṣe adigunjalè, wọn kì í ṣe sójà. Awakọ̀ tírélà ń ṣe é, nọ́ọ̀sì ń ṣe é, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń fi gbádùn ara ẹ̀ lálaalẹ́. Reloading ni wọ́n ń pè é.

Bó ṣe wá kan ilé Yorùbá nìyí. Àwọn ọmọ wa pọ̀ ní Houston àti Dallas, wọ́n pọ̀ ní Atlanta, wọ́n pọ̀ ní Maryland àti Chicago. Ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní Bódìjà, ìró bàńgà ọdún Kérésì lásán ló ń sá fún, tó bá ti dé ọ̀hún, àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ̀ á ní kó jẹ́ káwọn jọ lọ sí pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn ní Sátidé. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọta ti wọ́n jù lọ́jà, pé nílé làwọn ti ń ki tàwọn, kóun náà lọ ra ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ wo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà?

Ìbéèrè tó dáa ni, ìdáhùn ẹ̀ sì ń bọ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó ṣáájú ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í bi ara wọn: ṣé òfin tiẹ̀ gbà kí àlejò bíi tiwọn fọwọ́ kan nǹkan yìí rárá?

ÒFIN NI KÍ WỌ́N KỌ́KỌ́ WÒ

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ń ki ọta fún ìlò ara ẹ̀ kò nílò láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà gan-an nìyẹn. Wọ́n gbọ́ pé kò sí láísẹ́ǹsì, wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Rárá o. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1968, tí wọ́n ń pè ní Gun Control Act, tí wọ́n sì ti ń fi nǹkan kún láti ìgbà náà, ti ka àwọn tí kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú wà níbẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ tí wọ́n fún un ti pé, tó sì jókòó pa síbẹ̀, òun náà wà níbẹ̀.

Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ẹni tí ìwé ẹ̀ pé pérépéré náà wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ físà onígbà díẹ̀ ló fi wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá pẹ̀lú F-1, ìyá tó wá gbé ọmọ jó fún ìyàwó ọmọ ẹ̀ pẹ̀lú B-2, òṣìṣẹ́ tó wá pẹ̀lú H-1B, gbogbo wọn lòfin ọ̀hún mú. Àwọn tí òfin yọ sílẹ̀ láàárín wọn kò pọ̀. Ẹni tó gba láísẹ́ǹsì ọdẹ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí ẹ̀ kò sì tíì pé, wà lára wọn. Ẹni tó ti gba gíríìnì káàdì, tiẹ̀ yàtọ̀, òfin gbà fún un bí kò bá ti ní ẹ̀sùn mìíràn lọ́rùn.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí n kò ra ìbọn. Kòròfo idẹ ni mo rà, àti ẹtù díẹ̀." Òfin ti sọ̀rọ̀ sí ìyẹn náà. Nínú òfin ọ̀hún, kì í ṣe ọta tó ti délẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè ní ọta. Kòròfo ẹ̀ tí wọ́n fi idẹ ṣe, primer tó ń sáná sí i, ẹtù tó wà nínú ẹ̀, àti orí ọta fúnra ẹ̀, ọta ni wọ́n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tọ́jú páálí primer kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọta ló tọ́jú lójú òfin. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló ga jù nídìí ẹ̀sùn yìí tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti ọdún 2022, wọ́n ti sọ ọ́ di ọdún 15. Tí ẹ̀wọ̀n bá sì parí, ilé ti yá nìyẹn, nítorí ẹ̀sùn ìbọn wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá àlejò padà sílé. Ẹni tí mọ̀lẹ́bí ta ilẹ̀ kó lè lọ kàwé, ẹ wá wo ohun tó máa sọ fún wọn ní Mùrítàlá.

Ọmọ onílẹ̀ pàápàá kò bọ́. Ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi pé ó lu ìyàwó ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sùn kékeré ni wọ́n pè é, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996 ti gba ìbọn àti ọta lọ́wọ́ ẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan náà tún ní òfin tiẹ̀. Ní Illinois, níbi tí Chicago wà, káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní FOID, ẹni tí kò bá ní i kò gbọ́dọ̀ tọ́jú ọta. Ẹni tó bá sì ń ki ọta kó lè máa tà á fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní pápá, kó má pe ìyẹn ní ìpàǹpá o, òwò ni, òwò ṣíṣe ọta sì nílò láísẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ìwé ẹ̀ kò bá dá a lójú, kó lọ bá lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú kó tó ná dọ́là kan. Owó lọ́yà kéré sí owó béèlì.

KÍ NI WỌ́N Ń KÌ GAN-AN?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìwé ọmọ ti pé, ó ti di ọmọ onílẹ̀, ẹ̀sùn kankan kò sì sí lọ́rùn ẹ̀. Kí ló fẹ́ rà, kí ló sì fẹ́ fi ṣe?

Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di kátíríìjì kan: kòròfo idẹ, primer tó wà nídìí ẹ̀, ẹtù tó wà nínú ẹ̀, àti orí ọta tó máa fò lọ. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ èyí tó pọ̀ nínú wọn dáadáa. Wọ́n á da ẹtù sí ẹnu ìbọn, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, wọ́n á da ọta lé e, iná á sì ti ìdí wá. Ohun tí òyìnbó ṣe ni pé ó kó gbogbo ẹ̀ sínú kòròfo idẹ kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá yìn ín, ẹtù jóná, primer kú, ọta lọ. Idẹ nìkan ló kù sílẹ̀. Idẹ ọ̀hún ló sì máa ń wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà ni kì í bàjẹ́ ní ìlò ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó bá tún un ṣe dáadáa lè lò ó lọ́pọ̀ ìgbà kó tó ya. Ibi tí gbogbo òwò náà ti wá nìyẹn. Ẹrù tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tún lò.

Kì í ṣe gbogbo kòròfo ló ṣe é tún kì. Èyí tí wọ́n fi irin tàbí alumíníọ̀mù ṣe, jíjù ni wọ́n sábà máa ń ju ìyẹn. Èyí tí ẹ bá yọjú wo inú ẹ̀ tó ní ihò kan ṣoṣo láàárín ìdí ló rọrùn, nítorí ihò yẹn ni wọ́n ń gbà ti òkú primer jáde. Èyí tó bá ní ihò kéékèèké méjì, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi sílẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn ra ọta ní ṣọ́ọ̀bù? Owó ni, àti ọ̀wọ́n. Lóṣù Kejìlá ọdún 2012, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọdé ní ilé ìwé Sandy Hook, ẹ̀rù ba àwọn oníbọn pé òfin tuntun ń bọ̀, wọ́n sì ra ọta tán lórí àtẹ káàkiri ní ọdún 2013. Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, ó tún ṣẹlẹ̀, ó sì le jù tàkọ́kọ́ lọ. Primer ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí 30 sí 40 dọ́là tẹ́lẹ̀, àwọn kan ń tà á lé ní 100 dọ́là. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń ki tiẹ̀ nílé náà kò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́n, nítorí primer kò ṣe é gbìn sẹ́yìnkùlé.

IRINṢẸ́ TÓ YẸ KÓ KỌ́KỌ́ RÀ

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan kan: ìwé ni àkọ́rà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ yìí máa ń tẹ ìwé òdiwọ̀n jáde. Lyman, tó ti wà láti ọdún 1878, ní tiẹ̀. Hornady, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1949 ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ní tiẹ̀. Inú ìwé yìí ni wọ́n ti kọ irú ẹtù tó bá orí ọta kọ̀ọ̀kan mu, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àti ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ìwé méjì dára ju ẹyọ kan lọ, kó lè fi ọ̀kan wo ìkejì. Ohun tí ọ̀rẹ́ bá sọ létí ní pápá, kó fi sí pápá. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lókè.

Lẹ́yìn ìwé ni ẹ̀rọ ìtẹ̀, tí wọ́n ń pè ní press. Oríṣi mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni single-stage, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Tó bá fẹ́ fún idẹ 50 padà sí ìwọ̀n ẹ̀, ó máa fún gbogbo 50 tán kó tó yí irinṣẹ́ orí ẹ̀ padà, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kejì. Ìkejì ni turret, tí irinṣẹ́ mẹ́ta mẹ́rin wà lórí ẹ̀ tó ń yí po. Ìkẹta ni progressive: apá kan tó bá fà wálẹ̀, kátíríìjì kan ti délẹ̀, nítorí iṣẹ́ bíi mẹ́rin ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ojú ọmọ wa kì í sábà kúrò lára ìkẹta yìí, nítorí ìkánjú kò jẹ́ kéèyàn rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn télọ̀ ní Yába. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó dé lánàá kọ́ ni wọ́n ń gbé sídìí ẹ̀rọ oníná tó ń sáré bí ìjì. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, kí ìka ọwọ́ ẹ̀ má bàá lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ mẹ́rin tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan mẹ́rin tó lè bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, ẹni tí kò tíì mọ bí èyí tó dáa ṣe ń rí kò lè mọ ìgbà tí ọ̀kan bá yọnu. Single-stage ni kó rà. Bó bá di ọ̀gá lọ́la, kò ní jù ú nù, iṣẹ́ kéékèèké kò ní tán lọ́wọ́ ẹ̀.

Lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe press, RCBS bẹ̀rẹ̀ ní California lọ́dún 1943, Fred Huntington ló dá a sílẹ̀. Irin ńlá wíwúwo tí wọ́n ń pè ní Rock Chucker ni orúkọ wọn fi tàn. Lee, láti Wisconsin, ni ilé iṣẹ́ tí owó tiẹ̀ mọ níwọ̀n. Òun náà ló ṣe irinṣẹ́ kékeré kan tí kò nílò press rárá, òòlù lásán ni wọ́n fi ń lù ú. Iṣẹ́ ìyẹn ń lọ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Dillon ní Arizona, àwọn ni baba progressive. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orúkọ dá ìjà sílẹ̀, nítorí ìjà orúkọ yìí ò yàtọ̀ sí ti Shooting Stars àti Rangers láàárín àwọn tó ń ṣe é.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Press tòkunbọ̀ kò burú rárá. Irin ni, bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Kó kàn di apá ẹ̀ mú kó mì í wò, kó wo ọ̀pá tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bóyá ó ti ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹtù tòkunbọ̀, kò sí ohun tó jọ ọ́. Ike ẹtù tí ẹlòmíì ti ṣí, ta ló mọ ohun tó rọ sínú ẹ̀? Kó má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta á lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn press ni dáì, irin tí wọ́n ń yí mọ́ orí ẹ̀. Dáì ló ń ti òkú primer jáde, tó ń fún idẹ tó ti fẹ̀ padà sí ìwọ̀n, tó sì ń tẹ orí ọta wọlé. Ti ìbọn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, dáì 9mm kò wúlò fún .308. Ìdimú kékeré kan náà wà tí ìdí idẹ ń wọ̀, ó gbọ́dọ̀ bá a mu. Fún ìbọn ìléwọ́, kó ra dáì tí wọ́n fi carbide ṣe ihò ẹ̀, ìyẹn kò nílò òróró. Fún ìbọn gígùn tí ọrùn kòròfo ẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ìgò, ó gbọ́dọ̀ fi òróró pa á kó tó tì í wọlé. Tó bá gbàgbé, idẹ á há sínú dáì bí eegun tó há lọ́fun, Sátidé ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ń dun àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà ni pé páálí ńlá kan wà tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń pè ní kit, tí wọ́n sọ pé ohun gbogbo ló wà nínú ẹ̀. Irọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀ o. Lọ́pọ̀ ìgbà, press, òṣùwọ̀n, àrọ àti ìwé wà níbẹ̀, àmọ́ dáì kò sí níbẹ̀, ìdimú kò sí níbẹ̀, kálípà kì í sábà sí níbẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n ta kẹ́ẹ̀kì ìgbéyàwó fún yín, wọ́n ní kí ẹ lọ wá ṣúgà. Kit tó mọ níwọ̀n máa ń wà láàárín nǹkan bí 200 sí 600 dọ́là, kó sì ní owó àwọn tó kù lápò kó tó dé ìdí káńtà.

ÒṢÙWỌ̀N NI ẸNI TÍ Ẹ̀MÍ WÀ LỌ́WỌ́ Ẹ̀

Bí owó bá kéré, kó má ṣe gé e lára òṣùwọ̀n. Gréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹtù, ẹgbẹ̀rún méje gréènì, ìyẹn 7,000, ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Ẹ wo bó ṣe kéré tó. Ọta ìbọn ìléwọ́ kan lè gba bíi gréènì 5, ti ìbọn ọdẹ ńlá lè gba bíi 50. Kì í ṣe òdiwọ̀n tí ẹnikẹ́ni máa fi ki ọta nìyẹn o, inú ìwé ni òdiwọ̀n wà. Àmọ́ ẹ rí i pé nínú gréènì 5, àṣìṣe ẹyọ kan péré, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Òṣùwọ̀n tó dáa gbọ́dọ̀ lè wọn ìdá kan nínú mẹ́wàá gréènì. Òṣùwọ̀n alápá tí kò lo iná dáa, oníbátìrì náà dáa, àmọ́ kó ra òkúta ìwọ̀n kéékèèké tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì máa lò ó kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó má gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ fáànù. Atẹ́gùn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Kálípà ni èkejì. Gígùn kátíríìjì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Tí orí ọta bá wọlé jù, àyè ẹtù á kéré, agbára á lé sí i, ìyẹn sì lè ya ìbọn.

Pákó oníhò tí wọ́n ń to idẹ sí, owó ẹ̀ kò tó nǹkan, iṣẹ́ ẹ̀ sì ju ti press lọ. Orí pákó yìí ni wọ́n máa to 50 sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da ẹtù sí wọn, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fi orí ọta dé e. Kí ni wọ́n ń wò? Wọ́n ń wo èyí tí ẹtù kò sí nínú ẹ̀, àti èyí tí wọ́n da ẹtù sí lẹ́ẹ̀mejì. Ikú méjèèjì ni. Èyí tí kò ní ẹtù, primer nìkan á ti orí ọta dé àárín ọ̀nà, á há sínú ìbọn. Ẹni tó ń yìn ín á gbọ́ "pó" kékeré, á rò pé kò ṣe nǹkan, á tún yìn ín, èkejì á dé bá ti àkọ́kọ́ lọ́nà, ìbọn á ya lójú ẹ̀. Èyí tó ní ìlọ́po méjì, ẹtù ìbọn ìléwọ́ kéré débi pé ìlọ́po méjì ẹ̀ lè wọ inú kòròfo kan kó má kún jáde. Ojú nìkan ló lè rí i.

Ìdí tí wọ́n fi ń sọ fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí nìyẹn pé ike ẹtù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì, kí tẹlifísọ̀n wà ní pípa, kí fóònù wà ní yàrá kejì, kí bíà sì dúró dìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Kó wọ gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú. Kó ra òòlù kan tí wọ́n fi ń yọ orí ọta padà, nítorí àṣìṣe máa wà, kò sì sí ìtìjú nínú títú u. Lẹ́ẹ̀dì wà nínú primer àti orí ọta, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ jẹun nídìí ẹ̀, kó fọ ọwọ́ kó tó gbé ọmọ mọ́ra.

Ibi tó máa tọ́jú wọn sí náà ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń ṣòfin iná ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹtù tí kò ju 20 pọ́n-ùn lọ, nínú ike tó bá a wá, àti primer tí kò ju 10,000 lọ ni ká tọ́jú sínú ilé. Wọn kì í da primer sínú ìgò tàbí agolo, nítorí ọ̀kan lè bú kó sáná sí gbogbo èyí tó kù. Wọn kì í sì kó ẹtù sínú àpótí irin tó dé pinpin, nítorí ẹtù tí kò ríbi sá sí nígbà tí iná bá dé, bọ́ǹbù ló ń dà. Kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ní ilé Yorùbá lọ́hùn-ún, níbi tí ọmọ àbúrò àti ọmọ ọ̀rẹ́ ti ń wọlé jáde, ẹni tí kò ní yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ kò tíì ṣe tán.

ṢÉ ÈRÈ WÀ NÍBẸ̀?

Ó wà, kò sì sí. Ọta 9mm tí gbogbo èèyàn ń lò, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tẹ̀ ẹ́ jáde bí ẹni ń din bọ́ǹsì, èrè tí ẹni tó ń kì í nílé máa rí kò tó nǹkan. Ibi tí èrè wà ni ọta ìbọn ọdẹ ńlá, tí ẹyọ kan lè tó dọ́là méjì sí mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ sì máa ń fi rẹ́rìn-ín ni pé owó tó yẹ kó kù, wọ́n tún fi ń yìnbọn sí i ni. Ẹni tó ń yin páálí kan lóṣù kó lọ ra tiẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó fi owó tó kù ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó ń yìn ín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ní sùúrù, tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀rọ yẹn lè sanwó ara ẹ̀ padà.

KÍ WỌ́N MÁ GBÉ E WÁLÉ O

Apá tó kàn wá nílé nìyí. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti máa kó ẹrù sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹnì kan lè ní kóun fi ẹ̀rọ kan, ẹtù díẹ̀ àti primer ránṣẹ́ sí bàbá òun tó jẹ́ ọdẹ lábúlé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tètè pè é lórí fóònù. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ṣe lọ́dún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ọta tàbí kó tò ó pọ̀ nílé, àfi ní ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ó kéré tán tí wọ́n bá dá ẹnì kan lẹ́bi. Lábẹ́ òfin ọ̀hún, gbígbé e wọ̀lú láìgbàṣẹ náà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ní Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹtù àti primer wọ ọkọ̀ òfurufú èrò, yálà nínú àpò ọwọ́ tàbí nínú èyí tí wọ́n ń kó sábẹ́.

Kódà ká sọ pé kò sí òfin, bàbá ọdẹ yẹn máa kú. Ẹtù dúdú ni ṣakabùlà ń lò, ohun tí irin ẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Ẹtù òyìnbó tí kì í rú èéfín, agbára ẹ̀ ju ti dúdú lọ fíìfíì. Ìwọ̀n ìkúnwọ́ tí bàbá ń dà sẹ́nu ìbọn ẹ̀ láti kékeré, tó bá da ti òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ìbọn á fọ́ yángá sọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ tó rò pé òun ń tọ́jú bàbá á wá di ẹni tó ń ra aṣọ òkú.

Nítorí náà, tí ọmọ yín bá pè láti Houston pé òun fẹ́ ra press, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì gbàdúrà lé e lórí bí ẹni tó ti ya adigunjalè. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ sì bi í bó ṣe tò yìí: irú ìwé wo ló ń gbé pẹ̀lú ẹ̀? Níbo ló máa kó ẹtù sí tọ́mọ kò ní rí i? Ṣé ó ti ka ìwé òdiwọ̀n tán? Tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó lọ ra single-stage àti òṣùwọ̀n tó dáa. Tó bá ń kálòlò lórí àkọ́kọ́, ẹ sọ fún un pé bọ́ọ̀lù wà tó lè máa lọ gbá ní Sátidé.